Orúkọ Ara Bẹ́ǹṣì

Ẹ jẹ́ ká dìde dúró díẹ̀, ká bu ọlá fún akọni tó kọ́kọ́ fi fáànù ta ilé Ọlọ́run lọ́rẹ, tó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sára apá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọlọ́run dá atẹ́gùn, kò kọ nǹkan kan sí i lára. Akọni yìí ló rí àléébù tó wà nínú iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá, tó sì bá a tún un ṣe. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bí fáànù bá ti ń yí, orúkọ ò ṣeé kà mọ́. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí àlejò bá pọ̀ nínú ìjọ wa, akọni náà a rọra dìde, a lọ pa fáànù, a sì padà wá jókòó. Òógùn a máa bọ́ lára gbogbo wa. Àwọn àlejò a gbójú sókè láti wo ibi tí atẹ́gùn gbà lọ, wọn a sì ka orúkọ. Wọ́n ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún bá fi tọrẹ. Kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Èmi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè pé kí n wá kọ ọ́ síbi tí ọwọ́ òsì á ti rí i.

Àtíìsì ni wọ́n ń pe àwa tí à ń kọ lẹ́tà sára ògiri, sára mọ́tò, sára pátákó ṣọ́ọ̀bù, àti sára ohunkóhun tí ènìyàn bá fi tọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣe iṣẹ́ náà títí ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì ti fẹ̀yìn tì báyìí sí ilé mi ní ẹ̀yìn Olódò. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi sílẹ̀ fún wọn, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ò tíì mọ̀ bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn máa kọ́ tàbí àwọn máa lọ jókòó sí ọ́fíìsì. Wọ́n rò pé màá kọ nípa sùúrù àti ìfọkànsìn. Màá gbìyànjú. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo rántí, owú ló pọ̀ jù.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gba àlàyé. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé Onítẹ̀bọmi, rí i pé mo ń fi ẹfun kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn, sára ìkòkò omi, àti sára ewúrẹ́ ìyá àgbà. Wọ́n lù mí, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ògúndìran, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí, ó di ọjọ́ Ajé. Owó tí mo rí nídìí iṣẹ́ náà látìgbà yẹn tó jẹun, kò tó yangàn. Ọ̀rọ̀ owó parí.

Ọ̀gá Ògúndìran ga, wọ́n gbẹ, wọ́n dà bí ọ̀pá àsíá. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí wọn. Orúkọ Ògún wà lọ́rùn wọn, ṣùgbọ́n díákónì ni wọ́n, Bíbélì kì í sì í kúrò lábíyá wọn. Ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé wọ́n máa gbé búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo gbálẹ̀ tán, wọ́n fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì kan tí irun rẹ̀ ti jẹ tán, wọ́n bu omi sínú agolo, wọ́n gbé pátákó dúdú kan sínú oòrùn.

“Kọ O.”

Mo kọ O.

“Ó dà?”

Omi ti gbẹ. Oòrùn ti lá O mi.

“Kọ òmíràn.”

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Omi la fi ń kọ lẹ́tà nínú oòrùn. Bí o bá ṣe ń parí rẹ̀ ló ń parẹ́, kò sì sí ohun tí o lè fi han ìyá rẹ ní ìrọ̀lẹ́. Ìwọ tó ń ka èyí, tí o fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ ní òkìkí kí ọdún tó yípo, rò ó dáadáa. Gbogbo ohun tí mo kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, kò sí ẹni tó rí i àfi Ọ̀gá àti oòrùn, kò sì sí èyí tó yìn mí nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí a wá kúrò nídìí omi, tí a bọ́ sídìí ọ̀dà, òfin tún le sí i. Bí ọ̀dà bá kán sí ọ láṣọ, o jẹ̀bi. Bí o bá fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láì fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, irun rẹ̀ á le gan-an bí ẹ̀gún, Ọ̀gá á sì fi ìdí rẹ̀ kàn ọ́ lórí, wọ́n á bi ọ́ bóyá o gbọ́ ohùn rẹ̀. A gbọ́dọ̀ gbàdúrà ká tó ṣí agolo. Ní ọjọ́ tí Ọ̀gá bá gbàgbé, tí wọ́n ṣí agolo ṣáájú àdúrà, ọ̀dà á ti so èèpá lójú kí a tó ṣe àmín.

Òfin kan wá wà tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lára mọ́tò àti ṣọ́ọ̀bù, àtíìsì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ wínníwínní sí igun ìsàlẹ̀, kí oníbàárà mìíràn lè mọ ibi tó máa wá a sí. Nínú ilé Ọlọ́run, rárá.

“Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀,” Ọ̀gá máa ń wí. “Ẹni tó bá fún Ọlọ́run ní nǹkan, tó sì ń fẹ́ orúkọ, kí ẹlòmíràn bá a kọ ọ́. Ìwọ tí o ń kọ ọ́, iṣẹ́ lo wá ṣe.”

Èmi nìkan kọ́ ni ọmọ iṣẹ́. Mo bá Adéníji níbẹ̀. Oṣù díẹ̀ ló fi ṣáájú mi, ṣùgbọ́n ó ń ṣe bí ẹni tó bá Ọ̀gá fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Ó pupa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, ọ̀dà kì í kán sí aṣọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Adéníji bá ti lọ pọnmi, Ọ̀gá á wá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n á wo pátákó mi, wọ́n á mí kanlẹ̀.

“O ò lọ wo D Adéníji? Wo bí ikùn rẹ̀ ṣe yọ bí ikùn ọlọ́rọ̀. Tìrẹ dà bí ẹni tó ń gbààwẹ̀.”

Mo lọ wo D Adéníji. Mo wò ó títí ojú fi ń ta mí. N ò rí ohun tó fi dára ju tèmi lọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù: ó dára débi pé ojú mi ò tíì tó láti rí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra D. Ẹni tó bá sọ fún yín pé owú máa ń pani, irọ́ ló ń pa. Owú kì í pani. Ó kàn máa ń jẹ́ kéèyàn tètè dé ibi iṣẹ́ ni.

Nígbà tí a kọ́ṣẹ́ tán, tí Ọ̀gá fi wá sílẹ̀, Adéníji ṣí ṣọ́ọ̀bù sí oríta Adégbàyí, níbi tí gbogbo mọ́tò tó ń lọ sí Ifẹ̀ á ti rí i. Èmi ò lè lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré sẹ́yìn tirẹ̀. Mo ní kí n gba ọ̀nà tí kò ní lè tẹ̀ lé mi gbà. Mo lọ sí yunifásítì. Mo gba yàrá kan ní Ajíbọ́dè, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà àwọn òyìnbó tó ti kú, mo sì gboyè. Ní ọjọ́ tí wọ́n fún wa ní ìwé-ẹ̀rí, gbogbo ènìyàn ń yọ̀. Èmi ń wo lẹ́tà tí wọ́n fi kọ orúkọ mi. Kò sí D níbẹ̀, inú mi dùn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi oyè náà rí ni “Ẹ má tọ̀ síbí”, lára ògiri onílé mi. Mo fi gbogbo ẹ̀kọ́ mi kọ ọ́, mo fi òjìji sẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, mo bá ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ mi níbẹ̀, wọ́n ń kà á bí wọ́n ṣe ń tọ̀ sí i. Wọ́n ní lẹ́tà náà wuyì.

Bí mo ṣe padà sí Olódò nìyẹn, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo gbé Ìyá Bọ́lá níyàwó, a bí Bọ́lá, a sì ń jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí àwọn àgbẹ̀ abúlé àti àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì jọ ń lọ. Ọlọ́run tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ Rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó mú kí Adéníji fẹ́ ọmọ ìjọ náà. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń rí ẹ̀yìn orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìyàwó mi díẹ̀. N ò tíì rí ẹni tó ń dúpẹ́ bí Ìyá Bọ́lá. Bí ibà bá kúrò lára ọmọ, ó jó dé iwájú pẹpẹ. Bí ewúrẹ́ bá bí ìbejì, ó jó. Lọ́dún kan, ó gbé iṣu kan ṣoṣo lọ dúpẹ́ nítorí pé òjò ò pa aṣọ tó sá síta. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń wolẹ̀.

“Ìyá Bọ́lá,” mo ní nígbà tí a délé, “ṣé Ọlọ́run ò níṣẹ́ mìíràn ju aṣọ rẹ lọ ni?”

“Bàbá Bọ́lá, ṣé ẹ̀yin lẹ bá mi ká a ni?”

Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó yàn án sí i. Ó ń gbá abẹ́ bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ibẹ̀ ni àwọn áńgẹ́lì ń jókòó sí.

Ti Adéníji yàtọ̀. Bí Adéníji bá fẹ́ dúpẹ́, fèrè máa ń dún, mọ́tò á wọ inú ọgbà dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ̀rí rẹ̀ á gùn ju ìwàásù lọ. Ọmọ rẹ̀ kan di nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó, èkejì di lọ́yà. Bọ́lá tèmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀nà-Àrà. Ó lálàáfíà, ó ń wá kí wa, ó ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí Adéníji bá ti dìde, ọpẹ́ tèmi á há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù wá nìyí. Èmi ni mo kọ orúkọ gbogbo ènìyàn sínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn: ẹni tó fúnni ní aago, ẹni tó fúnni ní ìkòkò òdòdó, ẹni tó fúnni ní ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́. Tèmi ò sí níbẹ̀. N ò rí nǹkan ńlá fi tọrẹ, òfin Ọ̀gá ò sì jẹ́ kí n kọ ara mi sí igun kankan. Ẹni tó bá ka ara ògiri wa títí di ọjọ́ ìdájọ́, kò ní mọ̀ pé mo wáyé.

Lọ́dún kan, ní ọ̀sẹ̀ ìkórè, Adéníji wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

“Oyèkàn,” ó ní, “èmi àti àwọn ọmọ mi fẹ́ fi bẹ́ǹṣì tuntun ta ìjọ lọ́rẹ. Gbogbo ìlà iwájú.”

“Ọlọ́run á gbà á.”

“A fẹ́ kọ orúkọ sí i. Ìwọ ni mo fẹ́ kó kọ ọ́.”

“Ìwọ alára ńkọ́? Àbí ọwọ́ ti kán?”

Ó rẹ́rìn-ín. “O ti gbàgbé Ọ̀gá. Ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bá mi kọ ọ́ sẹ́yìn fún àwọn tó bá jókòó lẹ́yìn, kí o tún kọ ọ́ síwájú, níbi tí a ń fẹ̀yìn tì, fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó.”

“Ẹni tó bá ti jókòó tán ńkọ́? Ṣé kò ní gbàgbé?”

“N ò bá ẹ ṣàwàdà. Kó o ti parí ẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.”

Mo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. N ò bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní Ọjọ́rú, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń wo àwọn tó ń kọjá, n ò ṣe nǹkan kan. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ránṣẹ́. Mo ní mò ń bọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, ni mo tó gbé agolo mi lọ.

Ẹ lè rò pé mo kọ ọ́ bàjẹ́. Rárá o. Owú ò jẹ́ kí n kọ ọ́ bàjẹ́. Ẹ̀BÙN LÁTI ỌWỌ́ ÌDÍLÉ ADÉNÍJI: D wà níbẹ̀ méjì, mo sì fẹ́ kó rí i pé ẹni tí wọ́n ń rán lọ wo D òun ti wá mọ D kọ. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ikùn rẹ̀ ò tíì yọ tó, mo tún un kùn. Mo fi òjìji sí i, mo tún gbé ọ̀dà dídán lé gbogbo rẹ̀. Ọ̀dà tó nípọn, ojú ọjọ́ tó tutù, fèrèsé tí a ti pa nítorí òjò. Ọmọ iṣẹ́ tó dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pàápàá yẹ kó mọ̀ pé ojú rẹ̀ máa so èèpá, inú rẹ̀ ò sì ní gbẹ. Mo fọwọ́ kan ojú rẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo lọ sílé. Kódà mo súfèé lọ́nà.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Bọ́lá wọ léèsì funfun. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbàlejò lọ́dún náà, nítorí náà iwájú ló jókòó, lórí bẹ́ǹṣì tuntun, ó sì fẹ̀yìn tì í dáadáa, nítorí ìwàásù gùn. Èmi wà lẹ́yìn. Nígbà tó yá, àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìdílé lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá dúpẹ́ ìkórè, bí a ti máa ń ṣe. Wọ́n pe ìdílé Oyèkàn. Ìyá Bọ́lá dìde. Mo gbọ́ ìró kan, “ṣàà”, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ewé kúrò lára mọ́ínmọ́ín. Ó kọjú sí pẹpẹ, ó kọ̀yìn sí gbogbo ìjọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Láti èjìká dé èjìká, ọ̀rọ̀ tí mo kọ wà lára léèsì funfun náà. Ó dorí kọ òdìkejì bíi lẹ́tà inú dígí, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ dáadáa ju kí ẹnikẹ́ni má lè kà á lọ. Ọmọbìnrin kan láàárín àwọn akọrin ló kọ́kọ́ kà á sókè, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lójú afẹ́fẹ́: “Ẹ̀bùn... láti ọwọ́... ìdílé Adéníji.”

Ṣọ́ọ̀ṣì rú. Ìyàwó mi ń jó lọ síwájú Olúwa, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń kéde fún gbogbo ayé pé Adéníji ló fi í tọrẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ó sì hàn gbangba pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, nítorí pé ikùn D náà yọ. Adéníji rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn ti bẹ́ǹṣì rẹ̀. Nígbà tó máa dìde, òun náà ti di ẹ̀bùn ara rẹ̀.

Ẹnì kan sáré lọ sọ ọ́ sí Ìyá Bọ́lá létí. Ó dúró. Ó gbìyànjú láti wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, kò rí i. Ó wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ àlùfáà.

“Wọ́n ní wọ́n kọ ọ́ sí mi lẹ́yìn pé ẹ̀bùn ni mí,” ó ní. “Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ló ni mí, kì í ṣe ẹni tí wọ́n kọ. Ẹ bá mi dúpẹ́ pé ọkọ mi rí iṣẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ yìí.”

Wọ́n bá a dúpẹ́. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín dìde, wọ́n bá a jó. Èmi nìkan ni n ò lè dìde.

Nílé, mo fi kẹrosíìnì fọ léèsì náà títí awọ ọwọ́ mi fi ń bó. Kò lọ. Ọ̀dà tó dáa kì í lọ. Ìyá Bọ́lá gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní ó ti di aṣọ iṣẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ náà, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta gbogbo, ìyàwó mi ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú orúkọ Adéníji lẹ́yìn rẹ̀.

“Jọ̀ọ́, jù ú nù,” mo ní.

“Kí ló dé? Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ó dáa.”

Ó wọ̀ ọ́ títí ó fi gbó.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Ta ló kọ́kọ́ rà á? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Adéníji gbé kọ̀ǹpútà sí Adégbàyí, àti ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà, àti èyí tó ń tẹ bánà. Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan kọ, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ kí oníbàárà tó mu omi tán. Kì í gbọ̀n, kì í gbàdúrà, gbogbo D rẹ̀ ni ikùn wọn dọ́gba. Orúkọ nìkan ò tó àwọn olùfúnni mọ́ nígbà náà, wọ́n ń fẹ́ ojú. Lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa, bánà ìdúpẹ́ kan wà tí eyín ẹni tó ń dúpẹ́ níbẹ̀ tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Mo ń gbé búrọ́ọ̀ṣì mi kiri láti Lágelú dé Ẹgbẹ́dá, mo ń kọ nọ́ńbà sára ilé àti “Ajá ń bẹ níbí” sára géètì àwọn tí kò ní ajá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bi mí bóyá kí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, èsì mi rèé: ẹ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ọ kí ẹ lè ju ẹnì kan lọ. Èmi ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ náà, n ò sì gbádùn rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún tó kọjá, nígbà tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìdílé méjì jà nínú ìjọ wa nítorí pé wọ́n gbé bẹ́ǹṣì ọ̀kan sẹ́yìn òpó, orúkọ ò sì hàn mọ́. Àlùfáà wa tuntun, ọ̀dọ́kùnrin tí ohùn wọn tutù, wá sílé mi.

“Bàbá,” wọ́n ní, “mo fẹ́ kí a kun gbogbo orúkọ tó wà nínú ilé Ọlọ́run rẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Mo rò pé ẹ̀yin ló yẹ kó pa á rẹ́.”

“Áà, Àlùfáà,” mo ní, “ọ̀rọ̀ yìí wúwo.”

Mo fa ojú ro bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Inú mi ń jó fún ayọ̀.

Mo kun aago, mo kun ilẹ̀kùn, mo gun àkàbà kun fáànù akọni wa. Mo fi bẹ́ǹṣì Adéníji sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn, bí ọmọdé ṣe ń fi ẹran dúró dìgbà tó bá jẹun tán. Ìgbà tí mo ń po ọ̀dà fún un ni mo gbọ́ ìró ọ̀pá. Adéníji ni. Òun náà ti darúgbó. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí mi.

“O fẹ́ pa mí rẹ́.”

“Àlùfáà ló rán mi.”

“Inú rẹ dùn.”

“Díẹ̀.”

Ó fi orí ọ̀pá tọ́ka sí lẹ́tà náà. “D yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó tí n ò gbọ́ ìwàásù. Ọ̀gá ni ò jẹ́ kí n sinmi. Bí o bá ti lọ fọ agolo, wọ́n á wá dúró lẹ́yìn mi. ‘O ò lọ wo D Oyèkàn?’”

Ọwọ́ mi dúró.

“D ta ni?”

“Tìrẹ. Wọ́n ní ikùn rẹ̀ yọ bí ikùn ọlọ́rọ̀, pé tèmi dà bí ẹni tó ń gbààwẹ̀.”

Mo gbé agolo kalẹ̀.

“Tìrẹ ni wọ́n ní kí èmi lọ wò,” mo ní. “Ikùn kan náà. Ààwẹ̀ kan náà.”

Adéníji wò mí, ó wo D náà, ó tún wò mí.

“Mo ra ẹ̀rọ,” ó ní, “kí n má baà kọ D mọ́.”

“Èmi lọ yunifásítì.”

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ó ṣòro kéèyàn rẹ́rìn-ín pẹ́ lórí ohun tó ti jẹ gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀gá ti kú tipẹ́, wọ́n rò pé iṣẹ́ ni àwọn ń kọ́ wa, a sì mọ iṣẹ́ náà lóòótọ́.

“Kùn ún,” Adéníji ní. “Kùn mí, kí n máa lọ jẹun.”

Mo kùn ún. Ó gbá mi léjìká, ó sì lọ.

Ibi tó yẹ kí ìtàn yìí parí sí nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ á sọ pé Bàbá ti kọ́gbọ́n, owú ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìró ọ̀pá rẹ̀ dákẹ́ níta, mo wo yíká. Gbogbo bẹ́ǹṣì ti pọ́n bákan náà. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò sí níbì kankan mọ́. Àyè wà.

Agolo ọ̀dà funfun kékeré kan wà nínú àpò mi. N ò mọ ìdí tí mo fi mú un dání. Mo mọ̀ ọ́n.

Bí Ìyá Bọ́lá ṣe gbé oúnjẹ mi wọlé, ẹsẹ̀ mi nìkan ló rí.

“Bàbá Bọ́lá, kí lẹ ń ṣe lábẹ́ bẹ́ǹṣì?”

“Mò ń wo ìṣó.”

Ó gbé abọ́ kalẹ̀.

“Ẹ wò ó dáadáa,” ó ní. Kò bẹ̀rẹ̀ wò.

Ọjọ́ Ìsinmi, òun ló ṣíwájú mi wọlé, nínú léèsì funfun tuntun tí Bọ́lá rà fún un. Ó kọjá gbogbo bẹ́ǹṣì, ó lọ tààrà síbi èyí tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kó tó jókòó, ó na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó yọ ọwọ́ síta, ó wò ó. Ó mọ́.

“Ó ti gbẹ,” ó ní, ó sì jókòó.

Bẹ́ǹṣì kejì láti ẹ̀yìn ni, lápá òsì. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ máa rí i: ÌDÍLÉ OYÈKÀN, pẹ̀lú òjìji, ikùn D rẹ̀ yọ. Kì í ṣe èmi ni mo fi bẹ́ǹṣì náà tọrẹ, kò sì sí ẹni tó bá mi kọ orúkọ náà. Èmi náà ni mo kọ ọ́.